Akọ̀wé Abẹ́ Àgbọ̀n

Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rárá. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn, tí orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe bá yọ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀rọ ló ń dá a ṣe. Irọ́ ni. Obìnrin kan ló jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá ìdarí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, bébà kan àti ife tíì kan tó ti tutù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Akọ̀wé Abẹ́ Àgbọ̀n, òun náà sì ń jẹ́ ẹ láìbínú.

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mú bébà wá fún un: ẹni báyìí ló wà lórí àga kìíní, ẹni báyìí ló wà lórí àga kejì. Á tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Tí olùdarí ètò bá ti pariwo "Kìíní!", á tẹ bọ́tìnnì kìíní. Tó bá ní "Kejì!", á tẹ ìkejì. Kì í wo àwòrán, ìpè olùdarí nìkan ló sì máa ń fetí sí. Ta ló ráyè àwòrán? Orí bébà lojú rẹ̀ máa ń wà, kó má lọ ṣi lẹ́tà kan kọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ ní àṣìkọ kì í dárí jini bọ̀rọ̀.

Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì. Ìwé Àṣìṣe ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lórí afẹ́fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ síbẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, àti ohun tí yóò ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Atọ́kùn ètò ti kọ ọ́ pé òun sín sí àlejò lójú. Ayàwòrán ti kọ ọ́ pé oorun gbé òun lọ, tí gbogbo ayé fi ń wo àjà ilé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sẹ́ni tí kò tíì kọ nǹkan síbẹ̀ àfi Akọ̀wé. Lọ́dún yìí, ọ̀gá yàrá ìdarí fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti sọ ọ́ síta pé ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ bá mọ́ ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti parí. Oṣù kan péré ló kù.

Apeku ni bàbá rẹ̀. Ológìnní ni àdúgbò ń pè é. Ogójì ọdún ló fi pa eku nílé ìtajà, nílé ìwé, nílé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń ní kó gbà wọlé kí àwọn oníbàárà má baà rí i. Nígbà tí ètò òwúrọ̀ ń wá àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í hàn sójú ayé, ọmọ ló dárúkọ bàbá. Bàbá ra ẹ̀wù tuntun, aláwọ̀ ewé. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ o! Ẹni tí kò bá ráyè, wọ́n á tún fi hàn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi ká jọ wò ó. Èmi alára ò kúkú lè wà nínú ẹ̀ kí n tún máa wò ó láàárọ̀."

Àlejò tí wọ́n jọ pè jẹ́ agbẹ̀bí kan, ìyá arúgbó tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Bébà ní kí agbẹ̀bí jókòó sórí àga kìíní, kí apeku wà lórí ìkejì. Àga kìíní ga, kò sì ní ẹ̀yìn. Ìkejì rọ̀, ó ní ibi tí a ń gbé apá lé. Bàbá wo ìyá bó ti ń gbìyànjú láti gun àga gíga yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibí ni kẹ́ ẹ bọ́ sí."

"Á à, ọmọ mi, o ṣeun, wàá dàgbà."

Wọ́n pààrọ̀ àga. Atọ́kùn ètò rí i, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún yàrá ìdarí.

Bó ṣe di pé apeku ń sọ̀rọ̀ nìyẹn pẹ̀lú gbogbo ìtara ogójì ọdún, tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ń wí pé AGBẸ̀BÍ ÀGBÀ. "Orí ni ká máa wò," bàbá ń ṣàlàyé. "Ibi tí orí bá ti lè gbà, gbogbo ara á kọjá." Ó tún fi kún un pé, "Ẹ má ṣe fà á nírù láé. Ó máa gé yín jẹ ni."

Wọ́n yí sí ìyá. APEKU, ni abẹ́ àgbọ̀n wọn wí. Ìyá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni mo fi ń gbà wọ́n. Màá fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ wọ́n, màá fi aṣọ wé wọn, màá sì gbé wọn fún ìyá wọn kó fọ́mú fún wọn."

Ẹ̀rín ló jẹ́ kí Akọ̀wé gbójú sókè. Olùdarí ètò, tó ti ń bá fóònù jà láti ìgbà tí ètò ti bẹ̀rẹ̀, ti dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Akọ̀wé wo àwòrán. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ dá mọ̀, kó tó wá dá ojú tó wà lókè ẹ̀wù náà mọ̀. Ètò ti ń parí. Nígbà tó fi sáré dé sítúdíò, bàbá ti lọ, kò sì gbé fóònù rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ sínú ìwé," ni olùdarí ètò wí, ó ń nu ojú. "Ta ló ń wo ètò òwúrọ̀? Àwọn aláìsàn àti àwọn ológbò wọn."

"Tí mi ò bá kọ ọ́, ṣé olóòtú á ṣàtúnṣe rẹ̀ kí wọ́n tó tún fi hàn láago mẹ́rin?"

"Olóòtú kì í fọwọ́ kan ohun tí kò sí nínú ìwé. O mọ̀."

Ó mọ̀. Ó dúró níwájú Ìwé Àṣìṣe, ó ń yí bírò lọ́wọ́. Ó fẹ́ ipò yẹn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ń rí yàrá tí yóò kún láago mẹ́rin, ó ń rí bàbá láàárín wọn nínú ẹ̀wù tuntun, tí yóò máa retí orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ó kọ ọ́. Sábẹ́ ohun tó fà á, ó kọ pé: "Àlejò dìde fún àgbà." Ibi tí wọ́n ti bi í pé kí ni yóò ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀, kò rí nǹkan kan kọ. Ó fi í sílẹ̀ lófìfo.

Láago mẹ́rin, ilé bàbá kún dẹ́nu ọ̀nà. Ètò bẹ̀rẹ̀. Bàbá yọjú, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì wí pé APEKU, kedere, láìsí àléébù kankan. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Wọ́n ti tún un ṣe?" ni bàbá béèrè. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ológìnní, o tàn wá!" ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà lẹ́yìn kígbe. "Agbẹ̀bí lo ní ká wá wò!"

Bàbá ti gbọ́ nípa àṣìṣe náà láti àárọ̀. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló ti pè é lórí fóònù, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó gbọ́ ìpè ọmọ rẹ̀. Ó tún ti lọ pe àwọn tí kò pè tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá bá òun rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fara ti ògiri. Kò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni àbí kóun rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwé, ipò, ọ̀gá tó ń lọ. Bàbá bọ́ ẹ̀wù tuntun, ó ń ká a jẹ́jẹ́ lórí itan.

"O ṣeun," ló wí níkẹyìn. "Ó dùn mí pé ipò yẹn lọ. Bó bá sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá ṣì dìde fún ìyá yẹn."

"Mo mọ̀, bàbá mi."

"Pé wọ́n pè mí ní agbẹ̀bí ò dùn mí rárá, iṣẹ́ gidi ni. Ohun kan ni mo kàn fẹ́ bi ọ́." Kò wò ó. "Ṣé o ò dá mi mọ̀ ni?"

Akọ̀wé ò rí èsì kankan tó dára ju òótọ́ lọ.

"Mi ò wò yín ni, bàbá."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni bàbá wí, ó sì fi ẹ̀wù náà sínú àpótí.

Nígbà tí oṣù náà pé, ẹlòmíràn ni wọ́n mú wá láti ẹ̀ka ìròyìn láti wá ṣe ọ̀gá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ti àṣìṣe náà, kí Akọ̀wé tó jókòó, ó ṣí Ìwé Àṣìṣe, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí àlàfo tó fi sílẹ̀: "Màá máa wo ojú wọn."

Ètò bẹ̀rẹ̀. Àlejò ọjọ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún agogo ṣe, ẹni tí Akọ̀wé kò rí rí láyé rẹ̀.

"Kìíní!" ni olùdarí ètò pariwo.

Akọ̀wé ti gbójú sókè, ó ń wò ó.

"Mo ní kìíní!"

"Mo gbọ́," ló wí. Ó wò ó tán kó tó wá tẹ bọ́tìnnì.