Ìdí Ìkòkò Tí Mo Fọ̀ Jù

Wọ́n gbà mí! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí ìmeèlì náà wọlé, mo sì fò dìde débi pé ìyá arúgbó tó jókòó tì mí di báàgì ẹ̀ mú. Mo tún jókòó, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró. Mi ò lè sọ bóyá ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún tàbí ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù kan ní Dagenham Dock, ní ìlà oòrùn London. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí nílé wa ní Becontree kí n lè bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́fà. Gbé ẹrù wá, gbé ẹrù lọ, títí ìka á fi kú. Ó wá ku ọjọ́ méjì tí mo fi ń sinmi lọ́sẹ̀, ni mo bá tún lọ ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wú ohun àtijọ́ nílẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé gogoro láàárín London, àwọn yìí ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ́ ibẹ̀, torí ìlú àwọn ará Róòmù ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀: ògiri wọn, ilé ìwẹ̀ wọn, ìkòkò wọn tó ti fọ́. Wọ́n á kó àwọn àpáàdì náà wá sí yàrá ńlá kan nítòsí Barking, àwa á wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ wọ́n. Ọ̀gá ibẹ̀, ìyá òyìnbó kan tó ti hewú, sọ pé àyè iṣẹ́ olówó oṣù kan ń bọ̀, pé òun á wo ọwọ́ wa fún oṣù mẹ́ta. Àyè yẹn ni mo ń wá. Mo fẹ́ kúrò nílé ìkẹ́rù kí ẹ̀yìn mi tó ṣẹ́.

Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní:

"Àwọn tó kan Jésù mọ́gi, ìkòkò wọn lo wá ń fọ̀? Lọ́fẹ̀ẹ́?"

Mo ní kì í ṣe àwọn yẹn gan-an, ará ilé wọn ni. Wọ́n ní kí n má gbé ìkankan wọlé o.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù mẹ́ta náà ni mo ba nǹkan jẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, oorun ń kùn mí. Wọ́n gbé ìdí ìkòkò kan fún mi, odidi ìdí, ó dúdú kirikiri. Ọ̀dọ̀ ìyá màámi ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni mo dàgbà sí. Igi la fi ń dáná, ọmọ tó bá sì fi ìdí ìkòkò sílẹ̀ ní dúdú, ọ̀lẹ ni. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ bi mí léèrè. Mo ha á, mo ha á, títí ó fi pọ́n bí ìgbà tí amọ̀kòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú iná. Mo wá gbé e fún ọ̀gá tẹ̀ríntẹ̀rín.

Wọn ò pariwo. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n jókòó. Wọ́n ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé dúdú yẹn gan-an làwọn ń wá, ibẹ̀ làwọn ti fẹ́ mọ bí àwọn tó ni ín ṣe dáná.

Mo mọ̀ pé ó ti tán. Mi ò bá kàn mú báàgì mi kí n máa lọ, àmọ́ nǹkan kan wà tí mo rí kí n tó fọ̀ ọ́. Mo sọ fún wọn pé ojú mẹ́ta tí kò dúdú wà nídìí ìkòkò yẹn, wọ́n jìnnà síra dọ́gba-dọ́gba. Wọ́n ní bóyá ó kàn bó ni. Mo jáde, mo ṣa òkúta mẹ́ta wọlé, mo tò wọ́n sílẹ̀, mo gbé bẹ́ẹ̀sìn ìfọṣọ lé wọn. Mo ní ààrò nìyí. Ibi tí òkúta bá ti kan ìkòkò, iná ò lè débẹ̀, kò ní dúdú.

 Wọ́n lọ gbé ìdí ìkòkò méjì míì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀ látinú àpótí kan náà, wọ́n yí wọn sí ìmọ́lẹ̀. Ojú mẹ́ta wà lára èkíní. Ojú méjì wà lára èkejì, ibi tí ẹ̀kẹta ì bá wà ló ti fọ́ lọ.

"Mo máa ń rí i," wọ́n ní, "mo rò pé ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́." Wọ́n tún awò wọn wọ̀. "Má fọ nǹkan kan mọ́ láìbi mí."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí mi ò gbúròó. Àfi nínú bọ́ọ̀sì yẹn: oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n á sì máa sanwó fún mi.

Màámi dì mọ́ mi ní ẹnu ilẹ̀kùn títí n ò fi lè mí. Wọ́n wá ní, "Ìyá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o, pé ìdí ìkòkò dúdú ló fún ẹ níṣẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí laago mẹ́rin, torí oṣù kan ṣì kù nílé ìkẹ́rù. Mo wọ bàtà iṣẹ́ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dagenham Dock, mo fún ọ̀gá wa ní lẹ́tà pé mo ń lọ. Ó kà á, ó tì í bọ àpò, ó ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kẹta. Mo lọ.