Iṣu tí Láléyẹ Wa fún Òmìnira

Abdias ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọkùnrin tó dàgbà jù ní agboolé wọn ní Akpassi, ṣùgbọ́n kò tíì di ọbẹ iṣu tuntun mú rí.

Àgbà ilé ló ni ọbẹ náà. Ní ààrin oṣù kẹjọ, nígbà tí Savalou àti gbogbo agbègbè olókè yìí bá ń ṣe ọdún iṣu, àgbà ilé ni yóò gé iṣu àkọ́kọ́, yóò fún àwọn òkú kí alààyè tó jẹ. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa iṣu tuntun. Ẹni tó bá wa á, kò tún ní fọwọ́ kan ọbẹ náà mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, Sadikou, ọmọ àbúrò bàbá Abdias, ló ń gé iṣu.

Abdias kọ́ ló wa iṣu. Láléyẹ bàbá rẹ̀ ni, lọ́dún tí ilẹ̀ yìí gba òmìnira.

Dahomey ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yìí nígbà náà. Orúkọ Benin kò tíì dé. Abdias ti tó ọmọ tí í bá bàbá rẹ̀ ru ọkọ́ lọ sóko, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Bí oṣù keje ti ń parí lọ, akọ̀wé ìjọba kan tó ń jẹ́ Siméon gun kẹ̀kẹ́ wá láti Savalou. Ó pe ìlú jọ. Ó ní lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò sọ àsíá Faransé kalẹ̀, wọn yóò fa tiwa sókè.

Láléyẹ bi í pé, "Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tí yóò pàṣẹ fún yín mọ́."

Àwọn èèyàn hó yèè. Siméon dúró kí wọ́n tú ká. Ó wá fa Láléyẹ sí kọ̀rọ̀, Abdias nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí oko Láléyẹ ni iṣu láboko ti máa ń kọ́kọ́ gbó.

"Ìwọ, lọ wa iṣu tuntun wá. Àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ náà ní Savalou."

Láléyẹ ní ọdún iṣu kò tíì tó. Siméon ní ọdún òmìnira ju ọdún iṣu lọ. Láléyẹ ní ọwọ́ òun ò ní wa á. Siméon ní ṣé ó fẹ́ kí àwọn gáàdì ìjọba onífìlà pupa wá bá a wa á ni? Gbogbo ilé ló mọ ohun tí gáàdì máa ń ṣe tí wọ́n bá wọ oko èèyàn.

Láléyẹ wa iṣu. Kò fi ẹyọ kan ṣoṣo kan ẹnu. Àwọn tó jẹ ẹ́ kò mọ orúkọ ẹni tó wa á.

Lọ́dún náà, kòkòrò wọ abà iṣu gbogbo agboolé. Wọ́n ní ọwọ́ Láléyẹ ló fà á. Ó ní wọ́n fipá mú òun ni. Àwọn àgbà ránṣẹ́ sí Siméon kó wá jẹ́rìí. Siméon kò wá. Ó ti ní mọ́tò nígbà náà.

Nígbà tí Láléyẹ kú, wọn kò gé iṣu sí orí sàréè rẹ̀. Bí ẹní sin àlejò ni wọ́n ṣe sin ín.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ Sadikou kò gbé e dáadáa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bá àwọn àgbà sọ ọ́ pé ohun tí a fipá mú èèyàn ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n bí Siméon ti kú, kí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé bàbá òun ló fipá mú Láléyẹ. Bó bá ti sọ ọ́, Abdias yóò gé iṣu, wọn yóò sì gé ti Láléyẹ sí ibi tó sùn sí.

Ọmọ Siméon ni Bruno, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, olórí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ òmìnira ní Bantè. Kò pẹ́ tó fi wá sí Akpassi fúnra rẹ̀. Ó ń wá arúgbó tí yóò jókòó níwájú lọ́jọ́ ayẹyẹ náà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ rí òmìnira nígbà tó dé."

"Mo rí i," ni Abdias wí. "Iṣu wa ló jẹ."

Bruno rẹ́rìn-ín. Abdias kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ohun tó ń fẹ́ fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Bruno di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹnu mi ni n ó fi sọ̀rọ̀ bàbá yín, níwájú gbogbo èèyàn."

Josiane, ọmọ Abdias obìnrin, ń ṣa kaṣú nítòsí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kó rí bí iná mànàmáná tí wọ́n ṣèlérí fún wa o."

"Ìyá mi, èmi kì í ṣe olóṣèlú."

"Ẹ jọ ọ́ díẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ òmìnira, Sadikou gbé ọbẹ wá fi han Abdias. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín pọ́n ọn. Ẹ má fi gé ọwọ́ o. Àwọn òkú kì í jẹ ẹran arúgbó."

Wọ́n gun alùpùpù lọ sí Bantè, àwọn àgbà ilé tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi Abdias síwájú, lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn ọmọ iléèwé yan kọjá, wọ́n kọrin orílẹ̀-èdè, àwọn aláṣẹ sọ Faransé títí. Bruno wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fi èdè ìlú sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin kan wà ní Akpassi, Láléyẹ ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi mú ìròyìn òmìnira dé, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúró de ọdún iṣu. Ó sáré wọ oko, ó wa iṣu tuntun, ó gbé e fún bàbá mi pé kó fi ṣàlejò òmìnira. Kò sẹ́ni tó rán an. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Pápá hó gèè. Abdias bojú wẹ̀yìn. Sadikou ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní, "A ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó rán an."

Bruno padà wá jókòó ti Abdias, ó ń nu òógùn.

"Kì í ṣe ohun tí mo ní kí o sọ nìyẹn," ni Abdias wí.

"Bàbá, mo gbé orúkọ bàbá yín ga. Ṣé kí n máa bú bàbá tèmi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ni?"

"Mi ò ní kí o bú u. Mo ní kí o sọ ohun tó ṣe. Fún mi ní ẹ̀rọ yẹn."

"Wọ́n ti pa á, Bàbá. Oúnjẹ ló kù."

Ọmọbìnrin kan gbé àwo kalẹ̀ níwájú wọn. Iṣu sísè ni, ó funfun, omi ṣì wà lára rẹ̀. Abdias fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Iṣu tuntun ni."

"Àwọn àlejò ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ, Bàbá."

"Ta lẹ rán lọ wa á?"

"A ò rán ẹnikẹ́ni," ni Bruno wí, ó mú tirẹ̀. "Wọ́n fi ìfẹ́ inú wọn mú un wá ni."

Abdias ti àwo náà sẹ́yìn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó lọ.