Ohùn Tí Mi Ò Dá Lóhùn ní Ibùdó Ìlera

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣẹ̀rín. Ọdún méjì péré ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdìrì kí bàbá mi tó kú, mi ò sì tíì kọ nǹkan tó gùn ju lẹ́tà lọ rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn ún kà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá kàn sọ ọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbì kan tó ń gbọ́ ohun tí mo gbọ́ nígbà yẹn, tó sì rò pé òun nìkan ni.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Táíwò Road tí àwọn télọ̀ máa ń kó aṣọ wá, kí a bá wọn dí etí rẹ̀ kó má baà tú. Àǹtí Ráṣí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, èmi ni mo ń bá a ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí lẹ́yìn: "Fọlákẹ́." Ohùn obìnrin ni, kò le, kò sì rọ̀. Mo ní, "Mà?" Mo yíjú padà. Kò sí ẹnì kankan. Àǹtí Ráṣí ti lọ kírun. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, ṣùgbọ́n ohùn yẹn mọ́ ju ariwo rẹ̀ lọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo ti dáhùn.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi á mọ ìdí rẹ̀. Láti kékeré ni màmá mi ti ń kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá gbọ́ orúkọ mi, tí mi ò rí ẹni tó pè mí, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ọ̀mù-Àrán náà nìyẹn, bí ìyá rẹ̀ náà ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Nígbà tí ohùn náà tún dé lọ́jọ́ kejì, tí ohùn ọkùnrin kan sì tẹ̀lé e, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ mi láàárín ara wọn, pé ẹ wò ó, ó ti ba aṣọ oníaṣọ jẹ́, mo gbà pé ẹnu mi ni mo fi fà á. Mo pinnu pé mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ àfi tí mo bá rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì.

Ẹ ò lè mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe ń ba ayé ènìyàn jẹ́. Àwọn oníbàárà á pè mí látẹ̀yìn, màá dákẹ́. Àǹtí Ráṣí á pè mí títí, lẹ́yìn náà á wá dúró níwájú mi, á ní, "Fọlákẹ́ ti di olorì, ó di kí a kọ̀wé sí i." Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀.

Oorun dá lójú mi. Oúnjẹ dà bí eérú lẹ́nu mi. Nǹkan kan ń tẹ̀ mí láyà bí ẹni gbé odó lé e. Síkẹ́ẹ̀tì mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí mi, mo ń fi píìnì dì í. Màmá mi, tó ń ta búrẹ́dì ní Ọ̀fà Garage, rò pé mo lóyún ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe oyún, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. A gbàwẹ̀, a gbàdúrà. Mi ò ní tan yín, àdúrà yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ní wákàtí tí a fi ń gbà á, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ náà tún mú mi rù sí i. Pásítọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló pe màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá Fọlá, a ò ní dákẹ́ àdúrà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí fẹ́ ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ máa ń wà ní ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì. Ẹ mú un lọ."

Màmá mi sunkún nítorí ọ̀rọ̀ ọpọlọ yẹn. Ó ní, "Ṣé ọmọ mi ti ń ya wèrè ni?" Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Àlàmísì àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo lọ, nítorí màmá mi ní láti gba búrẹ́dì. Wọ́n fún mi ní káàdì, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, wọ́n gba káàdì náà padà, wọ́n ní kí n jókòó. Àwọn abiyamọ tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń ṣàwàdà. Ẹ̀gbẹ́ tiwa dákẹ́ rọ́rọ́. Oníkálukú ń wo ilẹ̀. Yàrá inú ni nọ́ọ̀sì wà, kọ́tìnì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, láti ẹ̀yìn kọ́tìnì náà ló ti ń pe orúkọ.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó pe Fọlákẹ́. Mo gbọ́ ọ. Àwọn ohùn tèmi náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mi ò mọ èwo ni èwo. Ó tún pè é. Mi ò rí ẹnu. Mo dákẹ́. Ó pe ẹlòmíì. Nígbà tí ibẹ̀ dá, mo dìde, mo lọ sílé, mo sọ fún màmá mi pé kò tíì kàn mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní Àlàmísì kejì.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, màmá mi bá mi lọ. Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi, ó wo ojú mi, ó rí i pé mi ò mira. Ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Mo ní mo gbọ́. "Kí ló dé tí o ò dáhùn?" Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má dáhùn." Màmá mi gbé ọwọ́ lé orí, ó jókòó. Nígbà tó ṣe, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fà mí wọlé.

Nọ́ọ̀sì Sẹ̀kínà ni orúkọ obìnrin náà. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìyí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ò wá." Màmá mi ló ṣàlàyé. Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ mi. Ó bi mí bóyá mo máa ń gbọ́ ohùn ènìyàn lójú àlá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ọpọlọ rẹ ni. Òun ló ń ṣe ohùn, òun náà ló ń gbọ́ ọ. Ní báyìí, ó ń lá àlá nígbà tí ojú rẹ là. Àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe pé o jẹ́ ìpè ẹnì kan." Ó sọ fún wa pé oògùn wà fún un, pé dókítà tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló ń kọ ọ́, pé a ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nígbà tí ara bá kọ́kọ́ yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa oògùn náà. Ẹnu mi gbẹ, mo ń sùn lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé mo gé aṣọ oníbàárà kan mọ́ etí. Mo sanra. Nọ́ọ̀sì sọ fún dókítà, ó dín in kù, ìgbọ̀nrìrì náà sì rọlẹ̀. Àwọn ohùn náà kò lọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń jìnnà sí i, bí ẹni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nílé kejì, nígbà tó yá, ní òpópónà kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣàkíyèsí pé ariwo ẹ̀rọ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo kàn ń tẹ́tí sí i.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, oògùn tán ní ibùdó náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń rà á, òun ló sì ń sanwó ọkọ̀ dókítà. Oògùn tó kù nílé kò pẹ́ tó fi tán, àwọn ohùn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ mi. Nọ́ọ̀sì Sẹ̀kínà kó gbogbo wa jọ, ó ní wọ́n fẹ́ pa ọjọ́ Àlàmísì wa rẹ́, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú á máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, tí màmá mi á fi gbogbo ọjọ́ ọjà rẹ̀ sìn mí lọ. Ó ní ìdí tí wọ́n sọ ni pé ènìyàn kì í wá. Ó ní ìpàdé wà ní ọjọ́ Àlàrùbá ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, òun sì fẹ́ ẹnì kan tó máa bá òun sọ̀rọ̀. Gbogbo wa wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ènìyàn kì í wá yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun. Mo mọ àwọn tó máa ń jókòó ti ògiri tí wọn kì í dáhùn, tí wọ́n á dìde lọ sílé. Ti àwọn kan nínú wọn dà bíi tèmi. Ti àwọn mìíràn, ìtìjú ni, wọn kò fẹ́ kí àwọn abiyamọ yẹn gbọ́ orúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọn ò wá.

Mo lọ sí ìpàdé náà. Màmá mi tẹ̀lé mi. Ọ̀gá tó ń rí sí ètò ìlera ṣí ìwé orúkọ wa, ó ní òun fẹ́ kí àwọn káńsílọ̀ fúnra wọn gbọ́ bó ṣe rí. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì dá a dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀gá náà: ó ka orúkọ kan, ó ní kò wá. Ó ka òmíràn, ó ní kò wá. Ó ka tèmi.

Mo dìde. Mo ní, "Mo wá, sà. Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Mi ò dáhùn ni."

Káńsílọ̀ kan ní, "Àbí o dití ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ṣùgbọ́n ní kúkúrú. Bàbá àgbàlagbà kan láàárín wọn ní, "Ìyá mi náà kìlọ̀ rẹ̀ fún mi." Ó ní títí dòní, òun kì í jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ìlérí wọn kò pọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ Àlàmísì wa wà títí ọdún á fi parí, wọ́n á sì ra oògùn. Wọ́n ní káàdì tí a bá fi sílẹ̀ ni kí wọ́n máa kà, kì í ṣe ẹni tó dáhùn, kí nọ́ọ̀sì sì máa jáde sí ẹnu ọ̀nà kó tó pe ènìyàn. Tí ọdún bá parí, wọ́n á tún un wò. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí nítorí ìyẹn.

Mo ti ń ro ti ara mi láti ìgbà náà. Mo máa ń bínú sí orí mi tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń bínú sí ọ̀dàlẹ̀. Mi ò bínú sí i mọ́. Ó ṣàìsàn bí ikùn ṣe ń ṣàìsàn, ó sì gba ìtọ́jú bí egbò ṣe ń gbà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi tó fà mí wọ yàrá yẹn, àti lọ́wọ́ Àǹtí Ráṣí tí kò gba ẹlòmíì sídìí ẹ̀rọ mi.

Ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn jẹ́ Àlàmísì. Mo tètè dé ibùdó. Bàbá kan tí mi ò rí níbẹ̀ rí ti wà lórí bẹ́ńṣì, ó fa fìlà bo ojú, ó ń wo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Sẹ̀kínà jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó pe Lásísì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é. Mo rí i tí ọwọ́ bàbá náà ń di eékún ara rẹ̀ mú. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rọ ohùn mi sílẹ̀ kí àwọn abiyamọ má baà gbọ́.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì ló ń pè yín, sà. Èmi náà gbọ́ ọ."