Ohun Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Akólòlò

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní kí n lọ sùn. Mo sọ ọ́ fún dókítà kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in báyìí, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ ó lè rín in tó bá yá. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n máa sọ ọ́ káàkiri, ẹ ó rí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tíṣà ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Olódì-Àpápá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ kan dé, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń ran ọmọ tó ń kólòlò lọ́wọ́. Ẹ sì mọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan ṣe máa ń ṣe. Ká ní mo rí àkùkọ tí ohùn rẹ̀ há nígbà yẹn, ǹ bá kọ́ ọ bó ṣe máa mí.

Mo kó ọmọ mẹ́ta jọ. Bí ilé-ìwé bá ti parí, a óò jókòó sí kíláàsì tó kángun sí ojú gọ́tà, fèrè ọkọ̀ ojú omi á máa dún wá láti wáàfù Àpápá, a óò sì bẹ̀rẹ̀ eré wa. A ó mí sínú títí ikùn á fi wú bíi bọ́ọ̀lù. A ó máa fa ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa ilá. A ó máa kàwé pọ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ahọ́n akólòlò há nígbà tí ẹlòmíràn bá ń bá a sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ká mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò, gbogbo wa, èmi tíṣà náà pẹ̀lú, kí ẹ̀rù rẹ̀ lè kúrò lára wọn. Wọ́n ní ohun téèyàn bá ti ń fi ṣeré kì í dẹ́rù bani mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà ní wáàfù. Ẹrù kan sọnù lórí ọkọ̀ náà, ni wọ́n bá tì í mọ́lé ní Kírikírì, ó ń retí ìdájọ́. Ìyá bàbá yìí ló ń tọ́jú ọmọ náà ní Ajégúnlẹ̀. Bí wọ́n bá lọ kí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn. Ọmọ á dúró níwájú bàbá rẹ̀, á la ẹnu, ọ̀rọ̀ á há, títí wọ́dà á fi ní ó tó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú bàbá náà, kò tíì gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ pè é.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì kò sì jẹ́ kó gbádùn.

"Kásẹ́ẹ̀tì ti há o! Ẹ fi bírò yí i!"

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá."

"Bàbá wo? Èyí tó wà ní Kírikírì?"

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló fẹ́ bá bàbá rẹ̀ sọ gan-an. Ó mí sínú.

"Mo f-f-fẹ́ pè wọ́n ni, sà. Kí wọ́n m-má baà gbàgbé ohùn mi."

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ kí i, ìyá àgbà náà yọ sí wa lójú fèrèsé lọ́sàn-án, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́: "B-b-b-bàbá! B-b-b-bàbá!" Mo ń sín ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ, ọ̀nà ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Tíṣà, ta ló ń kọ́ ta nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀kọ́ ni, ìyá."

"Ṣé wọn ò sọ fún yín nílé ni? Ẹni tó bá sín akólòlò jẹ, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ta ni wọn ò sọ ọ́ fún? Ìyá tó bí mi ti fi ìpọnkọ gbá mi lẹ́nu rí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kàwé, ẹnu sì ń yún mi.

"Ṣé kò wá dáa bẹ́ẹ̀, ìyá? Mo gbà á. Ẹ ní kó gbé e wá, n óò kó o sínú báàgì lọ sílé."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó wò mí títí, bí ẹni ń wo ọjà tí wọ́n dá owó tó kéré jù lé, ó wá yíjú sí ọmọ náà.

"Ṣó o gbọ́? Wọ́n ní àwọn gbà á. Kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà." Ó já gaara.

"Àmín," ni ìyá àgbà wí. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó ṣàdúrà tó ṣe àmín sí.

Mo bá wọn lọ sí Kírikírì lọ́jọ́ kejì. Òórùn epo láti inú àwọn táǹkì ńlá àdúgbò yẹn bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n mú bàbá náà wá, ó ti rù, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ọmọ la ẹnu. "B-b-b." Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Èmi náà ń mí pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu mi ń mì láìsọ̀rọ̀, bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Lójijì ni nǹkan kan há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo gbé e mì.

"Bàbá mi," ọmọ náà wí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Bàbá náà di etí tábìlì mú. "Tún mi pè."

"Bàbá mi."

Ni ẹnu bá ṣí. Ó sọ ti ilé-ìwé, ó sọ ti kásẹ́ẹ̀tì, ó sọ ti ewúrẹ́ aládùúgbò tó wá bímọ sí kíṣìnnì wọn. Wọ́dà ní ó tó, ṣùgbọ́n òun gan-an dúró gbọ́ iye ọmọ tí ewúrẹ́ bí.

Bí a ti ń padà bọ̀, kò sí àkọlé ara táńkà tí ọmọ náà kò kà sókè. Nígbà tí a fẹ́ pínyà, ìyá àgbà ní, "Tíṣà, ẹ máa rọra o." Mo kàn mi orí. Mo rò pé ọ̀fun mi ló gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ló kàn láti kí gbogbo ilé-ìwé lórí ìlà. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, mò ń rí i bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí ìsàlẹ̀ kànga, ọwọ́ mi ò tó o. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní sà tún ti bẹ̀rẹ̀ eré wọn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Kásẹ́ẹ̀tì!"

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúrò lórí ìlà, ó wá dúró níwájú mi.

"Ẹ mí sínú, sà," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́."

Mo mí sínú. A jọ la ẹnu. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ." Ohùn méjì, ó já gaara. Lẹ́yìn náà ló padà sórí ìlà rẹ̀, ó fi èmi àti ìyókù ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.