Omi Tó Ń Dà Lábẹ́ Ọkọ̀ Tíṣà Barnabas

Tíṣà Barnabas Adédìran kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe aláriwo. Sùúrù ló ní. Ọmọ Iléṣà ni, àmọ́ Ọ̀fàtẹ̀dó, lẹ́bàá Òṣogbo, ló kọ́lé sí, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko. Nǹkan mìíràn tó tún ní ni Dátísùn àtijọ́ kan. Ẹ má fi Dátísùn yẹn ṣẹ̀sín o! Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú, mo gbà, àmọ́ lọ́dún 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ tí ọkọ̀ èrò di àwátì, ẹni tó bá ní mọ́tò, tí epo sì wà nínú ẹ̀, ọba kékeré ni.

Ìrìnàjò kan ṣoṣo ni Tíṣà fi epo inú Dátísùn pamọ́ fún. Màmá Julianah, ìyá tó bí i, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, awọ funfun sì ti bo ojú màmá méjèèjì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò ti rí ju òjìji lọ. Àwọn dókítà ojú kan ń bọ̀ láti òkèèrè wá sí ọsibítù kan ní Iléṣà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì dá fún iṣẹ́ abẹ ojú màmá. Bí ọjọ́ yẹn bá fi lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ta ni yóò sọ fún irú wọn pé kí wọ́n ní sùúrù di àmọ́dún?

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ náà, tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, tí ọkọ̀ hó ní Òkè Baálẹ̀. Èéfín bo gbogbo iwájú mọ́tò, màmá ń pe Jésù lẹ́yìn. Mukhtar mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí, wò ó, ó ní ìdérí rédíétọ̀ ló ti rọ̀ tí kò lè sé omi mọ́. Ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Tíṣà ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ mọ́jú, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, kò parí. Lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà rọra wà á dé títì, ó sì wà á padà kó lè dán an wò. Ìgbà méjèèjì ló bá omi tó ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀. Inú ike funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ló ti ń dà, ike tí omi máa ń sá sí bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Mukhtar mirí. Ó ní bí ìdérí tuntun ò bá wò ó sàn, a jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé, ló jó. Òun á wá tú u láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà. Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ Ẹtì á ti lọ.

Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ò funfun bí ẹ̀kọ. Ó ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù, ó sitáàtì ọkọ̀, omi ò yọ ìfófòó kankan. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó kọ́ nìyẹn. Ó wá fa omi inú ike dín kù títí ó fi wà láàárín ilà méjèèjì tí wọ́n fà sára ike láti ilé iṣẹ́, ó sì fi báírò pupa tó fi ń máàkì ìwé sàmì síbi tí omi dé. Ẹ́ńjìnnì tó tutù, fífà ló ń fa omi padà. Bó bá dàárọ̀, omi yìí lè dín, kò gbọdọ̀ lé.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tó fi jáde lọ wò ó. Màmá ló bá nídìí ọkọ̀. Ìka màmá kan wà lẹ́nu ike, ó ń fi ọwọ́ kejì da omi sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì kékeré, ó sì ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Omi tí wọ́n gbé bọ̀ fún un láti òkè àdúrà ní Ìkéjì-Arákeji ni. Tíṣà dúró títí màmá fi ṣe àmín.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Mò ń fún un lómi ìyè ni. Láti ìdájí ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fún un, kó lè gbé mi dé Iléṣà.”

“Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?”

“Bó bá ti kan ìka mi, mo mọ̀ pé ó kún.”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àmì pupa ti wọmi pátápátá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tòun ti pìjámà, ó sì mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ìyá ẹni pé omi àdúrà rẹ̀ ló ń ṣàn nílẹ̀?

“Màmá, bí ẹ bá bu omi kún ìkòkò dé ẹnu, tí ẹ gbé e kaná ńkọ́?”

“Á ru dànù, á sì paná.” Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. “Ṣé èmi ni?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́ o. Mukhtar ti pààrọ̀ ìdérí ẹ̀, ọkọ̀ ò sì hó mọ́ láti ọjọ́ Ajé.”

“Ọjọ́ Ajé?” ni màmá wí. “Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà nìyẹn.”

Tíṣà sáyẹ́ǹsì dìde nílẹ̀. Ó fa omi náà dín kù padà, ó bẹ màmá kó máa gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàdúrà, kó fi omi sílẹ̀. Nígbà tí Mukhtar dé tòun ti irin iṣẹ́, wọ́n jọ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná janjan. Omi inú ike gbéra díẹ̀, ó dúró. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó padà síbi tó wà. Mukhtar rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀, ó ní alihamudulilaahi, ó sì kó irin rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gba ọ̀nà Ìbòkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n dé Iléṣà kí aago mẹ́jọ tó lù, orúkọ màmá sì ni wọ́n pè ṣìkẹta.

Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Màmá ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ orí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Barnabas,” ló wí, “o ti hewú, o ò sì sọ fún mi.”