Ọmọ Tó Hù Nídìí Jujube Ọkọ Mi

Ìjà tí èmi àti ọkọ mi jà lórí jujube, ká ní orí nǹkan gidi ni a ti jà á ni, à bá ti kọ ara wa sílẹ̀ tipẹ́. Igi eléso ni jujube. Òun nìkan ló gbà fún wa lẹ́yìnkùlé wa ní Dallas, torí ní ilẹ̀ yìí, èyí tí oòrùn bá dá sí, òtútù á pa á. Ọsàn tí a gbìn kú. Àgbálùmọ̀ tí mo fi sínú ìkòkò kú, ó kù díẹ̀ kí n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi wá gbọ́ pé jujube kì í ka ooru sí, kì í ka yìnyín sí, ló bá lọ ra méjì. Ó gbẹ́ ilẹ̀ wa tó le bí òkúta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n, kò jẹ́ kí n bá a di nǹkan kan mú.

Ọ̀kan ń jẹ́ Li. Èso rẹ̀ tóbi, ó rí roboto. Bó bá ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ báyìí ni kí ẹ já a, á máa ró gbàmù lẹ́nu yín, omi rẹ̀ á dùn dénú. Èyí ni tèmi. Èkejì ń jẹ́ Lang, tirẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá já Lang nígbà tó ṣì le, bíi pé ẹ ń jẹ òwú ni. Ẹ gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lórí igi títí á fi rọ̀, tí á fi hunjọ, nígbà náà ló tó dùn bíi dàbínò.

“Ìwọ ni ò ní sùúrù,” ni ọkọ mi á wí.

“Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, èso tó ti hunjọ bí ojú arúgbó lẹ wá ń pè ní oúnjẹ?”

Á rẹ́rìn-ín, á sì kó mìíràn sẹ́nu. Báyìí la ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún, àwọn àlejò wa a sì máa gbè sẹ́yìn ẹni tó bá bu oúnjẹ fún wọn.

Ọkọ mi kú ní ìgbà òtútù, tí igi méjèèjì kò ní ewé kan lára. Ilé náà wá tóbi jù fún mi. Ọmọbìnrin wa ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Denton, mo bá ta ilé. Nígbà tí mo fẹ́ kẹ́rù kúrò, mo rí ọmọ kékeré kan tó hù nídìí Lang, kò ju orúnkún mi lọ. Inú mi dùn! Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ṣebí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi rọ́pò? Ẹnìkan kì í béèrè ohun tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa so, ohun tí ìyá rẹ̀ so náà ni. Mo wú u tìṣọ́ratìṣọ́ra, mo fi aṣọ tútù wé gbòǹgbò rẹ̀, mo gbé e lé itan títí a fi dé Denton. N ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí ni mo fẹ́ bi í? Igi ọkọ mi ni mo ń gbé lọ.

Mo tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Àràárọ̀ ni mo ń kí i, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n mo ní ìwà ọmọdé ni, bó bá dàgbà á fi sílẹ̀.

Ó dàgbà, ó so. Èso rẹ̀ kò ju ojú èkúté lọ. Mo fi ọ̀kan sẹ́nu. Háà! Bí ìgbà tí mo mu ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ní kò tíì gbó, mo dúró kó hunjọ. Ó hunjọ tán, ó ṣì kan.

Ọmọ mi wo fóònù rẹ̀ títí, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé igi méjì ni wọ́n ń so pọ̀ di ọ̀kan kí wọ́n tó tà á. Lang ni ti òkè. Ti ìsàlẹ̀, jujube inú igbó ni, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ torí pé ó le. Ohun tó bá sì hù láti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ni.

“Ta ni mo wá ń kí láràárọ̀ láti ọjọ́ yìí?” Mo pariwo mọ́ ọn bíi pé òun ló ṣe é.

Ó ní tí a bá rí ẹ̀ka Lang gé, a lè so ó mọ́ eléyìí. Mo ní ó dára, a mọ ibi tó wà. A padà sí ilé wa àtijọ́ ní Dallas. Obìnrin tó rà á jáde sí wa pẹ̀lú ọmọ lápá, ó yá mọ́ni gan-an. Li mi dúró síbẹ̀, èso kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ibi tí Lang wà, koríko ni mo bá.

Obìnrin náà ní àwọn ọmọ ẹlẹ́gùn-ún igi náà ló ń hù káàkiri, tó ń gún àwọn ọmọ òun lẹ́sẹ̀, làwọn fi gé e, tí àwọn sì wú gbogbo gbòǹgbò rẹ̀. Ó já Li kún àpò kan fún mi. Mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ ọkọ̀ tán, mo sunkún. Tèmi wà láàyè, tiẹ̀ ni wọ́n gé.

Láìpẹ́, ọmọ mi ra Lang tuntun wá fún mi. Ó ní ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé gbogbo Lang ayé, pé ti Dádì gan-an nìyí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń wo igi náà, bí àlejò ló rí lójú mi.

Nígbà òtútù mo gé ẹ̀ka díẹ̀ lára rẹ̀, mo wé e, mo fi í sí fíríìjì. Nígbà tí igi mi tí èso rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, mo la ara rẹ̀ níbi kan, mo ti ẹ̀ka Lang bọ inú rẹ̀, èèpo kan èèpo, mo fi ọ̀já dì í pinpin. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, egbò tí mo ti dì láyé mi kò níye. Ó mú. Lórí ẹ̀ka Lang, ewé dídán yọ.

Ní ìdunta ó so, àwọn ará ìjọ wa sì wá jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yìn ín. Mo kàn ṣàdédé rí ọmọ mi tó mú àlùmágàjí ńlá, ó fẹ́ gé ẹ̀ka kíkan kan tí mo dá sí nísàlẹ̀.

“Fi í sílẹ̀!”

“Mọ́mì, ó ń jẹ oúnjẹ ti òkè. Kò wúlò.”

“Èyí tí ẹ ń jẹ yẹn dùn, mo mọ̀. Ọjà ni ìwọ ti rà á wá. Èyí tí o fẹ́ gé yìí ló ti ara igi tí bàbá rẹ gbìn wá.”

Ọmọ mi gbé àlùmágàjí sílẹ̀. Ó já ẹyọ kan lára ẹ̀ka náà, ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Kò tu ú dànù.