Etí Ọmọ Mi Tó Gbẹ

Mo rántí ìgbà tí ìyá ọkọ mi ṣì máa ń ro etí gbogbo ọmọ ilé wa ní Ìgàndò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á mú ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti sá sóòrùn, wọ́n á wá máa pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á gbé orí lé itan wọn, wọ́n á ti ìyẹ́ náà bọ etí rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á yí i, wọ́n á fà á jáde. Ìdọ̀tí tó bá bá ìyẹ́ jáde, wọ́n á nù ún sórí àkísà funfun kan, wọ́n á wò ó dáadáa kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ máa sùn sórí ẹní yẹn ni, wọ́n á gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, wọ́n á ní, "Ọmọ wa nìyí." Onílẹ̀ ni ẹbí ọkọ mi, wọ́n sì pọ̀. Lójú wọn, ọmọ tí Màmá ò tíì ro etí rẹ̀ kò tíì wọlé tán.

Kí n tó lóyún ọmọ mi ọkùnrin, mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹrù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ta táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ilé. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èmi náà ni mo máa ń tì í nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè wa, òun náà ló sì fi ń kí mi tílẹ̀ bá ṣú. Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn iṣẹ́ yẹn fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Mo rò pé ó ń buyì kún mi. Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ǹ bá ti fi ẹnu mi jẹun.

Nígbà tí ọmọ mi ti ń rìn káàkiri ilé, ó kàn án láti sùn sórí ẹní. Mo wọ aṣọ tó dáa fún un. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń retí ọ̀rọ̀ tí Màmá máa sọ. Ìyẹ́ jáde, Màmá sì gbé e sún mọ́ ojú. Ti àwọn ọmọ yòókù máa ń rin ni, ó máa ń pọ́n, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àkísà. Ti ọmọ mi gbẹ, ó funfun díẹ̀, ó ń bọ́ wẹ́wẹ́ bí èérún búrẹ́dì.

Màmá ní, "Ìyàwó, irú etí wo rèé?"

Mo ní, "Bóyá ọyẹ́ ni, Màmá."

"Ọyẹ́ kẹ̀? Nínú òjò yìí?"

Wọ́n ká àkísà wọn, wọ́n ká ẹní. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ tí mò ń retí.

Kó tó dìrọ̀lẹ́, ọkọ mi ti wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń kà á fún mi láìwojú mi. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Kòríà, tiwọn ló máa ń gbẹ. Tàwa aláwọ̀ dúdú, rírin ni." Ó wá gbé fóònù sílẹ̀. "Ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn Ṣáínà lo ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Kí lẹ ń sọ gan-an?"

"Mi ò sọ nǹkan kan ṣá. Mo kàn béèrè ni."

Ìbéèrè náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò ní òun gbà.

Ọgbọ́n tí mo dá lẹ́yìn ìyẹn ṣì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé bí etí ọmọ bá rin, ọ̀rọ̀ tán. Ni mo bá kán òróró àgbọn sí i létí kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Màmá ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fà á jáde, wọ́n gbé e sí imú.

"Ìyàwó, àbí o fẹ́ din ọmọ yìí ni?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mi ò ní ohunkóhun láti fi pamọ́, mo ti fi òróró sọ ara mi di ẹni tó ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò pe ọmọ mi mọ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ á lọ, á gbé orí lé itan wọn. Wọ́n á rọra gbé e kúrò, wọ́n á fún un ní bisikíìtì, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Wọn ò lù ú rí, wọn ò bú u rí. Bisikíìtì yẹn ló dùn mí jù.

Mo fi ẹkún mú ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà etí tó gbà wá jẹ́ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó yẹ etí ọmọ wò, ó ní kò ní àìsàn kankan.

Ó ní, "Àjogúnbá ni kí etí gbẹ. Kó tó lè gbẹ, bàbá gbọ́dọ̀ fún un, ìyá náà gbọ́dọ̀ fún un. Ká tiẹ̀ ní ará Ṣáínà ni bàbá ẹ̀, tí ìyá ẹ̀ ò bá ní i lára, rírin ló máa jẹ́."

Ọkọ mi ní, "Tèmi rin, Dókítà. Ti gbogbo ilé wa ló rin."

"Ó lè wà lára ẹ̀yin méjèèjì kó má hàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn tí etí wọn gbẹ ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà. Tó bá jẹ́ bàbá ọmọ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ̀jẹ̀ lẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ etí sílẹ̀ jàre."

Mo ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé wa lọ sílé, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́ ni, tàbí ẹ̀rù ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè sọ ló ń bà á. Àwa méjèèjì gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mò ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ, ìbéèrè yẹn sì wà láàárín wa.

Ọmọ mi ti ga jù mí lọ nígbà tí etí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n nígbà náà, ojú wọn náà ò ríran dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní etí ń yún wọn, èmi nìkan ni mo sì wà nílé. Mo mú ìyẹ́. Wọ́n gbé orí lé itan mi. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé, nínú gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé yẹn, mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ro etí Màmá rí. Màmá ló ń ro ti gbogbo èèyàn.

Mo fa ìyẹ́ jáde. Ìdọ̀tí tó bá a jáde gbẹ, ó funfun, ó ń bọ́ wẹ́wẹ́.

Mo kó o sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á síwá sẹ́yìn.

"Ti ta nìyí?"

"Tiyín ni, Màmá."

Wọ́n tún ra á wò. "Ó gbẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ sínú de ọjọ́ tí wọ́n bá dá mi láre. Kàkà kí n sọ ọ́, mo fa àkísà, mo nu ìyẹ́ sí i. Màmá yí orí padà lórí itan mi.

"Ro èkejì náà."

Mo rò ó. Bákan náà ni. Wọ́n béèrè ọmọ mi, mo ní ó wà ní iléékéwú. Wọ́n ní tó bá dé, kó wá. Nígbà tó dé, wọ́n ní kó sùn sórí ẹní, gìrìwò ọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sílẹ̀. Ìyẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè mú un. Etí rẹ̀ ni wọ́n kàn dì mú. Wọ́n ní, "Ọmọ wa nìyí," ohùn wọn ò sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn lè gbọ́. Ọkọ mi wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ní Màmá ń ro etí ọmọ wọn ni. Ó wo ìdọ̀tí gbígbẹ ti Màmá lórí àkísà tó wà nílẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Kò dá ọ̀rọ̀ etí yẹn sílẹ̀ fún mi títí dòní.

Màmá ti kú báyìí, kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ọkàn mi ti balẹ̀. Àmọ́ bí mo bá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀, mo máa ń bi ara mi pé ká ní etí Màmá rin ńkọ́? Òótọ́ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà kì bá yí padà, baba ọmọ mi kì bá sì di ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí etí ni wọ́n gbà gbọ́. Èmi tí mo sọ̀rọ̀, wọn ò gbà mí gbọ́.